Lọ́yà Dá Yín Lóhùn: Ṣé Àjàkálẹ̀ Àrùn Lè Fagi Lé Ẹ̀tọ́ Ẹni?

Ẹ kú ojú lọ́nà o. Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lóṣù yìí kún orí tábìlì mi, èyí tó gba orí WhatsApp wọlé ò tiẹ̀ lóǹkà, ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan náà ni gbogbo yín ń béèrè. Èmi rò pé ẹ ti gbàgbé kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, àṣé ó ṣì wà níkùn àwọn èèyàn, kí wọ́n ṣáà ti dárúkọ onígbáméjì tàbí ibà Lassa lórí rédíò báyìí, àyà oníṣòwò á ti já. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀. Ti ìyá kan ní Iléṣà ni màá pẹ́ lé lórí jù, torí ọ̀rọ̀ tiwọn ló kó gbogbo ẹ̀ pọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Lọ́yà. Àmàlà ni mò ń tà ní apá Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà níbí. Oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ní kónílé ó gbélé, mo gbé ìkòkò kaná láàárọ̀ ọjọ́ kan torí àwọn nọ́ọ̀sì méjì kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ alẹ́ máa ń rà lọ́wọ́ mi tí wọ́n bá ń lọ sílé. Mi ò tíì bù ú fún wọn tán tí ọkọ̀ kan fi dé, àwọn kan wọ aṣọ ṣọ́jà, àwọn kan ò wọ nǹkan tó jọ yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n fẹsẹ̀ taari ìkòkò gbẹ̀gìrì, ó dà sínú gọ́tà, adìẹ àdúgbò ló jẹ ẹ́. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n nawọ́ sókè nínú oòrùn, èmi tí mo ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣe sùúrù, wọ́n yọ kóbókò sí i, wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n kó wa lọ, a sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà la san ká tó jáde, bébà pélébé kan ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí fún mi, kò ní sítáǹbù. Ẹni tó gbowó ní kí n má yọ òun lẹ́nu, pé kọ̀rónà ti fagi lé ẹ̀tọ́. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Aláàmàlà, Iléṣà

Ìyá mi, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú àdánù gbẹ̀gìrì. Ẹni tó bá ti jókòó bó èèpo ẹ̀wà rí mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fẹsẹ̀ taari.

Ọ̀rọ̀ tí ẹni yẹn sọ, irọ́ ni, àmọ́ irọ́ tó ní òótọ́ díẹ̀ nínú ni, irú ẹ̀ ló sì máa ń ṣòro láti já. Òótọ́ inú ẹ̀ nìyí. Orí kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ni wọ́n to ẹ̀tọ́ wa sí, ó bẹ̀rẹ̀ láti abala 33, ó parí sí 46. Abala 45 ni ilẹ̀kùn tí ìjọba ń gbà wọlé tó bá fẹ́ dín ẹ̀tọ́ kù. Ó ní tí òfin kan bá wà tó bójú mu nílùú tí wọ́n ti ń ṣe ìjọba tiwa-n-tiwa, tí wọ́n ṣe é nítorí ìlera ará ìlú tàbí ààbò tàbí kí ẹ̀tọ́ ẹlòmíì má baà bàjẹ́, irú òfin bẹ́ẹ̀ lè dí ẹ̀tọ́ kan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò kàn sọ pé ẹ̀tọ́ gbogbo, ó dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 37 tó jẹ́ àṣírí ẹni àti ilé ẹni, 38 tó jẹ́ ẹ̀sìn, 39 ọ̀rọ̀ sísọ, 40 ìpéjọ, 41 lílọ-bíbọ̀. Márùn-ún péré. Torí náà tí wọ́n bá ní ẹ jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá torí àrùn tó ń ran, ìyẹn lè bófin mu, èmi ò ní tan yín.

Ẹ wá wo 34. Abala 34 ni iyì ọmọ èèyàn, òun ló ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró, wọn ò gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ bí ẹni pé ẹranko ni. Ẹ ka abala 45 títí ojú á fi máa ro yín, ẹ ò ní rí 34 níbẹ̀. Wọn ò fi sílẹ̀ fún ìjọba láti dín in kù, ì báà jẹ́ kọ̀rónà, ì báà jẹ́ ohun tó ju kọ̀rónà lọ. Kíkúnlẹ̀ nínú oòrùn, kóbókò, fífò bí ọ̀pọ̀lọ́, kò sí ìwé òfin kankan ní Nàìjíríà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n fi jẹ ẹni tó ta àmàlà níyà. Mo ti gbọ́ táwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí fídíò irú ẹ̀ pé àwọn ṣọ́jà ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ẹ̀kọ́ wo? Èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ sí ẹ̀mí tó wà ní 33 àti òmìnira ara tó wà ní 35 nìkan ló kù tí abala 45 sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn sì ní ọ̀nà tiẹ̀. Ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kéde ìgbà pàjáwìrì lábẹ́ abala 305, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin Àbújá fọwọ́ sí i, kí àwọn aṣòfin sì ṣe òfin. Buhari ò kéde irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2020. Ohun tó ṣe lọ́jọ́ 30 oṣù kẹta ni pé ó buwọ́ lu ìlànà kan lábẹ́ Quarantine Act, òfin àtijọ́ lórí àrùn tó ń ràn tí àwọn òyìnbó ṣe ní 1926, ó fi ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa. Ọ̀ṣun ò sí nínú ẹ̀. Gómínà wa ìgbà yẹn, Gboyega Oyetola, ló pàṣẹ tiwa pé kó bẹ̀rẹ̀ lóru ọjọ́ 31. Quarantine Act yẹn fún gómínà náà lágbára tí Ààrẹ ò bá tíì ṣe tiẹ̀, torí náà mi ò ní sọ pé gómínà ò lágbára. Àmọ́ agbára yẹn, inú ìwé ló gbọ́dọ̀ ti jáde. Kó wà lákọsílẹ̀, kó dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀, kó sọ ìjìyà ẹ̀. Abala 36 ẹsẹ kejìlá ló ní bẹ́ẹ̀, pé wọn ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí nínú òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an lórí èyí. Ẹ rántí sànítéṣọ̀n ọjọ́ Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù l'Ékòó, tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde láago méje sí mẹ́wàá. Wọ́n mú obìnrin kan lójú títì lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, wọ́n bu fáìnì fún un. Obìnrin yìí, Faith Okafor lorúkọ ẹ̀, kò gbà, ó gbé e dé kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Lọ́dún 2016 àwọn adájọ́ béèrè pé òfin dà. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí nǹkan míì ju pé gómínà ló sọ bẹ́ẹ̀. Kóòtù ní ọ̀rọ̀ ẹnu gómínà kì í ṣe òfin, wọ́n sì dá a láre. Ẹ fi ìyẹn wé ti Funke Akindele tó ṣe bọ́ọ̀deè sílé l'Ékòó ní oṣù kẹrin 2020. Òun, ìlànà tó wà lákọsílẹ̀ ni wọ́n kà sí i létí, kóòtù ni wọ́n gbé e lọ, kì í ṣe ẹ̀bá ọ̀nà, ó ní òun jẹ̀bi, adájọ́ ní kó san 100,000 náírà kó sì fi ọjọ́ mẹ́rìnlá ṣiṣẹ́ ìlú. Ẹ lè ní ó le jù tàbí ó rọ̀ jù, àmọ́ bó ṣe yẹ kó lọ nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ sùn síbẹ̀ ńkọ́? Abala 35 ní tí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti fi gbé e débẹ̀. Iléṣà ní kóòtù, Ilé-Ifẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kóòtù. Ṣé wọ́n kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀ fún yín láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, lédè tẹ́ ẹ gbọ́? Ìyẹn náà wà níbẹ̀. Abala 35 yìí gbà kí wọ́n ti ẹni tó ní àrùn tó ń ran mọ́lé kí wọ́n lè tọ́jú ẹ̀ tàbí kó má baà kó o ran ìlú, bí wọ́n ṣe kó àwọn ọmọ wa 127 tó ti Ivory Coast dé sí ọ̀tọ̀ ní Èjìgbò nígbà yẹn kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀yin, ta ló yẹ̀ yín wò? Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni wọ́n ń yẹ̀ wò.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Láàárín 30 oṣù kẹta sí 13 oṣù kẹrin ọdún yẹn, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ẹ̀sùn 105 ló dé ọ̀dọ̀ àwọn, wọ́n sì ní èèyàn 18 làwọn agbófinró pa níbi tí wọ́n ti ń lé èèyàn wọlé. Iye tí kọ̀rónà fúnra ẹ̀ pa ní Nàìjíríà títí dìgbà yẹn ò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Èmi náà jáde lọ́sẹ̀ yẹn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru màámi ni mo mú lọ́wọ́, mo fi káàdì lọ́yà mi kọ́ ọrùn. Wọ́n dá mi dúró níbì kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka abala 41 fún ọ̀gbẹ́ni náà bíi pé mo wà níwájú adájọ́. Ó wò mí, ó wo ìbọn ẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ padà." Mo padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló padà gba ọ̀nà ẹ̀yìn gbé oògùn náà lọ. Torí náà mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dúró máa bá ìbọn jiyàn. Ṣe ohun tí wọ́n ní kóo ṣe, kó o fojú mú nọ́ńbà ọkọ̀, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀, tó o bá délé kó o kọ ọ́ sílẹ̀ kí oúnjẹ tó mú un kúrò lọ́kàn ẹ.

Ẹ lè máa rò ó pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Kò pẹ́. Ìlànà tí a fi ń pe ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, èyí tí wọ́n ṣe ní 2009, sọ ọ́ gbangba pé kò sí iye ọdún tó lè ti ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ta. Ọmọ Òṣómàáló mà ni yín! Àwọn bàbá wa tó ń gbé aṣọ lọ tà láwìn máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni, wọ́n á ní àwọn ò ní dìde títí owó á fi jáde. Gbèsè lèyí náà. Abala 35 ní ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́, owó gbà-má-bínú tọ́ sí i, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ ní gbangba. Hàíkọ́ọ̀tù wà níbí. Tí owó lọ́yà bá jẹ́ wàhálà, Legal Aid Council ní ọ́fíìsì l'Óṣogbo, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mú ẹ̀sùn wá.

Lọ́yà, Lágere ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Pásítọ̀ wa ní abala 38 fún wa láṣẹ ìjọsìn, pé tí àrùn míì bá dé a ò ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìjọba lọ sí kóòtù tó bá wù ú. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní wèrè ló ń ṣe wá. Ta ló jàre? — Arákùnrin A., Ilé-Ifẹ̀

Àbúrò ẹ ló jàre jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ mú. Mo ti sọ ọ́ lókè pé 38 wà lára márùn-ún tí ilẹ̀kùn abala 45 ṣí sí. Ohun tó o gbà gbọ́ nínú ọkàn ẹ, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án, àmọ́ jíjókòó jọ èèyàn irinwó nínú gbọ̀ngàn tí fèrèsé ẹ̀ ò ṣí, ìyẹn ti kan ẹ̀mí aládùúgbò.

Kì í sì í ṣe òní lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ayé àwọn òyìnbó, nígbà tí ilẹ̀ẹ́gbóná ń kó àwọn èèyàn lọ rẹpẹtẹ, dókítà kan wà l'Ékòó, Oguntola Sapara, bàbá ẹ̀ ti Iléṣà wá. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn abọ̀rìṣà Ṣọ̀pọ̀ná láì jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó bá wá, ó rí i pé àwọn kan nínú wọn ń lo èépá ẹni tó ní àrùn náà láti fi kó o ran ẹlòmíì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, ìjọba sì fòfin de ìsìn yẹn. Ó gba àìmọye ẹ̀mí là. Àmọ́ ẹ wò ó, gbogbo olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ ọn, ẹni tó ń ṣe burúkú àti ẹni tó kàn ń bọ òrìṣà bàbá ẹ̀, kò sì sí abala 45 tí wọ́n á fi béèrè pé ṣé ó bójú mu. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọmọ ìyá dókítà yìí, Christopher Sapara Williams, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di lọ́yà. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n jọ jiyàn nípa ẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ, ì bá wù mí kí n wà níbẹ̀.

Èyí tí pásítọ̀ yín lè fi gbé ìjọba lọ sí kóòtù tó sì lè rí nǹkan mú bọ̀ ni tí òfin náà ò bá dọ́gba. Tí wọ́n bá ṣí ọjà Odò-Ògbè sílẹ̀ táwọn èèyàn ń fún ara wọn bí sàdín, tí wọ́n wá ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ogún èèyàn jókòó sí ní ìta gbangba pẹ̀lú ìbòmú, adájọ́ á béèrè pé kí ni ìdí ẹ̀. "Bójú mu" tó wà nínú abala 45, ibẹ̀ ni gbogbo ìjà wà. Kí ẹ jà níbẹ̀, ẹ má jà lórí pé kò sẹ́ni tó lè ti yín.

Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ìjọba lè fi tipátipá gún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára? — Akẹ́kọ̀ọ́, OAU

Ìwọ ọmọ yìí, kí wọ́n dì ẹ́ mú kí wọ́n gún ẹ, ìyẹn le. Lọ́dún 2001 kóòtù tó ga jù lọ dá ẹjọ́ kan láàárín ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn dókítà wí àti dókítà kan tó ń jẹ́ Okonkwo. Obìnrin kan tó jẹ́ Ẹlẹ́rìí Jèhófà kò gba ẹ̀jẹ̀, dókítà yìí ò fipá fún un, obìnrin náà kú, ìgbìmọ̀ fìyà jẹ dókítà. Kóòtù dá a láre, wọ́n ní aláìsàn tó dàgbà ló ni ara ẹ̀, abala 37 àti 38 wà lẹ́yìn ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fi nǹkan kan kún un: ẹ̀tọ́ yẹn dópin níbi tó bá ti ń fi ìlera ará ìlú sínú ewu. Àrùn tí kì í ràn ni tobìnrin yẹn, òun nìkan ló kàn. Tìẹ lè má rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìjọba ṣe nígbà kọ̀rónà ni pé wọn ò fipá gún èèyàn, wọ́n ti ilẹ̀kùn ni. Nígbà tó di 1 oṣù kejìlá 2021, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí kò bá gba abẹ́rẹ́ kọ̀rónà gbọ́dọ̀ mú èsì àyẹ̀wò wá kó tó wọ ọ́fíìsì. Lójú tèmi ìyẹn sàn, torí ó fún èèyàn ní ọ̀nà méjì. Èyí tó dẹ́rù bà mí ni àbá òfin lórí àrùn tó ń ràn tí Femi Gbajabiamila gbé wá sílé aṣojú-ṣòfin ní 28 oṣù kẹrin 2020, ọjọ́ kan náà ni wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kíní àti lẹ́ẹ̀kejì! Agbára tó fẹ́ kó lé ọ̀gá NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn, lọ́wọ́ pọ̀ jù, gbogbo ìlú pariwo, kò sì di òfin. Ariwo máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì.

Wọ́n gbé orúkọ àti fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi sórí gúrúùpù WhatsApp àdúgbò pé ó ní kọ̀rónà, ilé ìwòsàn ló ti jáde. Wọ́n ní torí ìlera gbogbo èèyàn ni.

Irọ́ ni wọ́n ń pa. National Health Act ti 2014 ní àṣírí aláìsàn ni ìwé ìtọ́jú ẹ̀. Tí àìsọ ọ́ bá máa kó ìlú sínú ewu ńlá, ilé ìwòsàn lè sọ fún àwọn tó yẹ kó gbọ́ láti dènà àrùn. Ìyá Rísí tó ń ta rìkáàdì kì í ṣe ara wọn. Fi fóònù ya gbogbo ẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé 200 náírà ni fáìnì ẹni tó bá rú òfin Quarantine? Ẹnìkan ló sọ ọ́ ní bíà pálọ̀, a ti ta tẹ́tẹ́ lé e.

Òótọ́ ni, ẹni tó sọ ọ́ ló jẹ. Abala 5 ni, 200 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Nígbà tí wọ́n kọ iye yẹn sílẹ̀ owó gidi ni, nísinsìnyí kò ra àmàlà tó lè yó ọmọdé. Kẹ́ ẹ má wá fi owó yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o, oṣù mẹ́fà ṣì gùn bó ṣe gùn ní 1926.

Ìyá Aláàmàlà, mo tún rí nǹkan kan nínú èyí. Tó bá jẹ́ pé Quarantine Act yẹn lẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín tẹ̀ lé, ìlọ́po àádọ́ta fáìnì ni ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, adájọ́ kankan ò sì bù ú fún yín. Ẹ mú bébà pélébé yẹn dání wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Túsìdeè, kí ọmọ yín bá yín wá. Ẹ má fọ aṣọ tí bébà náà wà nínú àpò ẹ̀.